Ọ̀nà Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò Kí Ẹ Tó Rẹ Ọkọ̀ Sílẹ̀

Tí ẹ bá dé ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí lẹ́yìn ẹ̀ka wa ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, ẹ ó gbọ́ àríyànjiyàn kan tí kì í tán. Àwọn kan á ní ọkọ̀ tó bá lọ sílẹ̀ ló dùn ún wò, pé kò yẹ kí àlàfo tó wà láàárín táyà àti fẹ́ńdà ju ìka méjì lọ. Àwọn kejì á fèsì pé aláìmọ̀kan ló ń rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ ní Sàngó-Ọ̀tà, pé kí oníkálukú gbé tirẹ̀ ga débi tí kò ní í mọ̀ pé òun kọjá kòtò. Wọ́n á pariwo, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì túká. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Èmi náà ti jà nínú ìjà yìí rí. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni mo wà nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta. Lónìí, n kò sí lẹ́yìn ẹgbẹ́ kankan nínú méjèèjì, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ níhìn-ín. Lójú tèmi, àṣìṣe kan náà ni ẹgbẹ́ méjèèjì ń ṣe: ojú lásán ni wọ́n fi ń wọn ọkọ̀. Gíga ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ oge, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù kòtò nìkan. Iye kan ni. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ń tọ̀ àti ẹrù tó ń gbé ló yẹ kó sọ iye náà fún wa, téèpù ló sì yẹ ká fi wọ̀n ọ́n. Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ ká wo ọ̀nà kí a tó sọ bí ọkọ̀ yóò ṣe ga tó.

Kí ni coilover ń ṣe?

Nítorí àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní tó ń ka èyí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ohun méjì ló wà láàárín ara ọkọ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀: sípíríǹgì tó ń ru ìwúwo, àti ṣọ́ọ̀kì tó ń dá sípíríǹgì lẹ́kun kó má baà máa jó sókè sódò lẹ́yìn tí a bá ti kọjá bọ́ǹpù. Níwájú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó wà ládùúgbò wa, bíi Corolla, Camry, Golf àti Micra, wọ́n so méjèèjì pọ̀: ṣọ́ọ̀kì dúró láàárín, sípíríǹgì yí i ká. Orúkọ Earle MacPherson, ẹlẹ́rọ ará Amẹ́ríkà, ni a fi ń pe ètò yìí. Ford Consul àti Ford Zephyr tí wọ́n gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1950 wà lára àwọn ọkọ̀ tó kọ́kọ́ lò ó. Títí di òní, òun náà ló wà lábẹ́ ọkọ̀ àwọn òbí wa.

Nínú èyí tó bá ọkọ̀ wá láti ilé-iṣẹ́, wọ́n ti jó àwo irin tí sípíríǹgì jókòó lé mọ́ ara ṣọ́ọ̀kì. Kò ṣeé sún. Ti coilover yàtọ̀. Ara ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ní ìlà yíyípo bí ọrùn ìgò tí à ń yí ìdérí sí, àwo sípíríǹgì náà sì jẹ́ òrùka tó ń yí lórí ìlà yẹn. Ẹ yí i sókè, ọkọ̀ á ga. Ẹ yí i sódò, ọkọ̀ á lọ sílẹ̀. Òrùka kejì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí a fi ń há a kó má baà yí fúnra rẹ̀. Tí àlàfo ìlà kan sí èkejì bá jẹ́ mìlímítà 2, yíyí ẹ̀ẹ̀kan á sún àwo ní mìlímítà 2, yíyí ẹ̀ẹ̀márùn-ún á sún un ní mìlímítà 10. Sípánà onígọ̀ńgọ̀ kan báyìí ni a fi ń ṣe é, kò sì gba agbára rárá.

Oríṣi kan tún wà tí ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ máa ń yí wọ inú ẹsẹ̀ rẹ̀, tí gbogbo gígùn rẹ̀ á dínkù tàbí kó pọ̀ sí i láì fọwọ́ kan sípíríǹgì. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ra oríṣi àkọ́kọ́, tí ó sì ń rò pé èkejì lòun rà.

Bó ṣe rọrùn láti yí yìí gan-an ni ìṣòro wa. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ ní láti gé sípíríǹgì, ẹni tó bá sì gé sípíríǹgì mọ̀ pé òun ti ba nǹkan jẹ́. Ní báyìí, ènìyàn á yí òrùka fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì rò pé òun kò ba nǹkan kan jẹ́.

Ohun tí mo ṣe sí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Corolla kan tó fi ń kó èrò. Lára owó tí ọkọ̀ yẹn ń pa ni wọ́n ti ń san owó iléèwé mi. Nígbà tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ kú, ó rí coilover tokunbọ̀ kan rà ní ọjà Ládípọ̀, ó sì pè mí pé kí n wá bá òun tò ó, pé ṣebí injiníà ni mí. Mo tò ó, ó sì dúró dáadáa. Tí mo bá ti fi mọ síbẹ̀ ni, n kò bá má ní ohun tí mo fẹ́ kọ lónìí. Ṣùgbọ́n mo tún wọ abẹ́ ọkọ̀, mo yí àwọn òrùka sódò títí tí ìka méjì fi kún àlàfo fẹ́ńdà. Mo ya fọ́tò, mo gbé e sórí WhatsApp. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló kan sáárá sí mi.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti Àtàn pẹ̀lú èrò mẹ́rin àti àpò gààrí nínú búùtù. Ó ti ń ráhùn tipẹ́ pé ọkọ̀ ń dún gbò níwájú tó bá ti bọ́ sí kòtò, pé tí òun bá sì tẹ bíréèkì, ó máa ń fẹ́ yà sí apá kan. Mo ti sọ fún un pé coilover le ju ṣọ́ọ̀kì ilé-iṣẹ́ lọ, pé ara rẹ̀ á mọlé. Kí ó tó dé Ìyànà Ìyèsí, táyà iwájú kan bẹ́. Ọlọ́run yọ wá pé gòsìló wà, kò sáré. Ọkọ̀ náà yà, ó sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ tírélà kan tó kó irin, àlàfo tó kù láàárín wọn kò ju ibi tí ilẹ̀kùn lè ṣí sí lọ. Kò sẹ́ni tó fara pa.

Nígbà tí a yọ táyà náà, ojú rẹ̀ láti òde ṣì dára, orí rẹ̀ ṣì wà. Ẹ̀gbẹ́ inú ló ti jẹ tán débi pé wáyà ti yọ síta. Táyà kejì kò yàtọ̀ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, ó wò mí, ó ní, "Àbúrò, ìka ta lo fi wọn ọkọ̀ mi?" Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi ṣiṣẹ́, ó ra táyà méjì, mo sì mọ ibi tí owó náà ti yẹ kó lọ.

Kí ló fa á?

Ohun méjì ló ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ yẹn, kò sì sí èyí tí ojú lè rí láti ìta.

Èkíní ni pé nígbà tí ara ọkọ̀ bá lọ sílẹ̀, irin tó mú ẹsẹ̀ ọkọ̀ nísàlẹ̀ àti ọ̀pá tó ń yí ẹsẹ̀ fún sitíárì á yí igun tí wọ́n wà padà. Ẹsẹ̀ tó ti kọjú síwájú gan-an tẹ́lẹ̀ á wá kọjú sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, orí rẹ̀ á sì tẹ̀ sínú. Táyà á máa yí lọ síwájú, á sì tún máa ha ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń fi nǹkan ha pákó. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ dandan láti ṣe aláínmẹ́ǹtì lẹ́yìn tí a bá ti fọwọ́ kan gíga ọkọ̀, ì báà jẹ́ sókè tàbí sódò. Èmi kò ṣe é. Mo rò pé èyí tí wọ́n ṣe ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ṣì ń ṣiṣẹ́.

Èkejì ni ìró gbò tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ́. Ṣọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tó lè wọlé kí rọ́bà kékeré tó wà lórí ọ̀pá rẹ̀ tó gbá a dúró. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọkọ̀ kan ní mìlímítà 70 tó lè fi wọlé nígbà tó wà ní gíga rẹ̀. Tí ẹ bá yí òrùka sódò tí ọkọ̀ fi lọ sílẹ̀ ní mìlímítà 40, ó ku 30. Tí èrò àti ẹrù bá tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní 25, ó ku 5. Mìlímítà 5 ni ẹ fẹ́ fi gba kòtò ojú ọ̀nà Àtàn! Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí sípíríǹgì mọ́; rọ́bà àti irin ló ń gba ìyà, àti ẹ̀yìn ẹni tó jókòó. Oríṣi coilover kejì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń yí kò ní jẹ yín ní ìwọ̀n yìí, ṣùgbọ́n òun náà á mú kí táyà súnmọ́ fẹ́ńdà, á sì mú kí ikùn ọkọ̀ súnmọ́ ilẹ̀.

Ẹ sì wo ilẹ̀ tí à ń sọ. Ọ̀nà Ìdí-Ìrókò tó gba iwájú wa lọ sí ẹnubodè orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀nà náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà fi ń kó ọjà. Ọ̀nà Àtàn sí Lúsàdà àti Agbárá, ọ̀nà tírélà ni. Ibi tí tírélà bá ti ń tẹ ọ̀dà lójoojúmọ́, ipa táyà méjì á jìn wọlẹ̀, àárín wọn á sì ga bí ebè. Táyà ọkọ̀ kékeré á bọ́ sínú ipa náà, ikùn rẹ̀ á sì máa gbá ebè àárín. Tí òjò bá rọ̀, omi á bo kòtò, ẹnikẹ́ni ò ní mọ bó ṣe jìn tó. Ẹni tó bá rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ fún irú ọ̀nà yìí nítorí fọ́tò, kò wo ilé kó tó sọ ọmọ lórúkọ.

Ẹ̀yin tó ń gbé e ga, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń mi orí níbẹ̀ yẹn. Ẹ dúró ná. Ohun tí a ń ṣe ní Sàngó láti gbé ọkọ̀ ga kò fi bẹ́ẹ̀ dára jù ohun tí mo ṣe lọ.

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n ki rọ́bà líle sáàárín àwọn yíyí sípíríǹgì. Ẹ máa rí i lára Sienna tó ń kó ẹrù àti lára kòrópè. Ọkọ̀ á ga lóòótọ́. Ṣùgbọ́n líle sípíríǹgì wà lọ́wọ́ iye yíyí rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́: bí iye náà bá ṣe ń dínkù, bẹ́ẹ̀ ni sípíríǹgì ń le sí i. Tí sípíríǹgì bá ní yíyí 6, tí rọ́bà sì dá ẹyọ kan dúró pátápátá, ó ku 5. Sípíríǹgì náà ti fi ìdá kan nínú márùn-ún le sí i. Tí rọ́bà bá wà lápá ọ̀tún tí kò sí lápá òsì, apá méjèèjì kò ní tẹ̀ bákan náà mọ́. Àwọn yíyí tó kù ló sì ń jẹ gbogbo ìyà, ibẹ̀ ni sípíríǹgì máa ń dá sí.

Àwọn tó ní coilover náà lè yí òrùka sókè àyíjù. Tí ẹ bá fún sípíríǹgì pa láti ìsàlẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò ní lè nà sódò bó ṣe yẹ mọ́. Tó bá dé ẹnu kòtò, dípò kí táyà tẹ̀ lé ilẹ̀ wọlé, yóò gbéra sófuurufú. Táyà tí kò kan ilẹ̀ kò lè gba bíréèkì, kò sì lè gba sitíárì. Jọ́ìńtì ṣáàfùtì náà á máa ṣiṣẹ́ ní igun tó le jù, rọ́bà tó bò ó á ya, iyanrìn á wọ inú gíríìsì, nígbà tó bá yá ẹ ó máa gbọ́ kà-kà-kà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí kọ́nà.

Ewu ìṣubú tún wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà kan tí àjọ ààbò ojú pópó wọn fi ń wo bí ọkọ̀ ṣe lè tètè ṣubú ni pé kí wọ́n pín ìdajì fífẹ̀ tó wà láàárín táyà ọ̀tún àti òsì pẹ̀lú gíga ibi tí ìwúwo ọkọ̀ péjọ sí. Bí èsì bá ṣe kéré sí i ni ọkọ̀ ṣe lè tètè ṣubú sí i. Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ kan tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 1.5, tí ìwúwo rẹ̀ péjọ sí mítà 0.55. Èsì rẹ̀ jẹ́ 1.36. Tí ẹ bá fi sẹ̀ntímítà 5 gbé e ga, èsì di 1.25. Ìyẹn kí ẹ tó di ẹrù sí orí rẹ̀, kí ọlọ́kadà kan tó já lu yín lójijì ní Tóògéètì.

Ohun tí 504 mọ̀

Ẹ bi àwọn bàbá wa léèrè nípa Peugeot 504. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ yìí ní Kàdúná, wọ́n sì fi í rin gbogbo ọ̀nà ilẹ̀ yìí, tìlú toko. Ní ọdún 1975 yẹn kan náà, 504 ló gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Safari Rally ní Kenya, ó sì tún gbà á ní 1978. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé gíga rẹ̀ ló jẹ́ kó lè ṣe é. Kì í ṣe gíga nìkan. Ẹsẹ̀ 504 lè wọlé jìnnà, ó sì lè nà jìnnà. Sípíríǹgì rẹ̀ rọ̀, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ sì gùn. Tó bá bọ́ sí kòtò, ẹsẹ̀ á tẹ̀ lé ilẹ̀ wọlé, á tẹ̀ lé e jáde, ara ọkọ̀ á sì dúró jẹ́ẹ́.

Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ méjèèjì kò sọ nínú àríyànjiyàn wa. Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi ara wa ni pé: lẹ́yìn tí èrò bá ti wọlé, tí ẹrù ti wà nínú búùtù, mìlímítà mélòó ló kù fún ẹsẹ̀ ọkọ̀ láti wọlé, mélòó ló sì kù fún un láti nà? Ẹni tó bá lè dáhùn ìbéèrè yìí, kó rẹ tirẹ̀ sílẹ̀ tàbí kó gbé e ga, n kò ní í bá a jà.

Omi, téèpù àti àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Sàngó la gbé Corolla yẹn lọ, ibẹ̀ náà ni mo sì padà ti ṣe IT mi. Mo rò pé sípánà ni yóò kọ́kọ́ mú. Ó ní kí a gbé ọkọ̀ lọ sórí kọnkéré iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹnìkejì rẹ̀. Ó bu omi sí ilẹ̀, ó dúró wò ó bóyá yóò ṣàn lọ sí apá kan. Kò ṣàn. Ó wo atẹ́gùn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní kí a ti ọkọ̀ síwájú sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè fìdí kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá mú téèpù, ó wọ̀n ọ́n láti àárín gbùngbùn ẹsẹ̀ ọkọ̀ dé etí fẹ́ńdà lókè. Apá òsì iwájú jẹ́ mìlímítà 334. Apá ọ̀tún jẹ́ 346.

"Injiníà," ó ní, "níbo lo ti ṣe èyí?"

"Nínú àgbàlá wa ni, Ọ̀gá."

"Ṣé àgbàlá yín tẹ́jú?"

N kò lè fèsì. Àgbàlá wa dà sí ọ̀nà gọ́tà, gbogbo ilé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo sì ṣe sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lórí jáàkì ni mo fi ìka wọ̀n ọ́n, n kò tì í síwájú sẹ́yìn rárá.

Mìlímítà 12 lè dà bí nǹkan kékeré, ṣùgbọ́n ẹ rántí àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí a fi ń jókòó nílé. Tí ẹsẹ̀ kan bá gùn ju àwọn tó kù lọ, òun àti ẹsẹ̀ tó dojú kọ ọ́ ní igun kejì ló máa ru ènìyàn, àwọn méjì yòókù á kàn máa mì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ rí. Tí ẹ bá gbé iwájú ọ̀tún ga ju ti òsì lọ, iwájú ọ̀tún àti ẹ̀yìn òsì ló máa ru ìwúwo jù. Nígbà tí ẹ bá wá tẹ bíréèkì, táyà tó gbé ìwúwo púpọ̀ á di ilẹ̀ mú, èyí tó fúyẹ́ á yọ̀, ọkọ̀ á sì yà. Ìdí tí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi fi ń yà nìyẹn. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé, mo sì ti kọ ọ́ nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n ọ̀gá yẹn ló jẹ́ kó yé mi.

A gbé ọkọ̀ náà padà sí 372 níwájú lápá méjèèjì, a há òrùka, ẹ̀gbọ́n mi wà á fún ọjọ́ mẹ́ta, a tún wọ̀n ọ́n, nítorí sípíríǹgì máa ń jókòó díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà la wá lọ ṣe aláínmẹ́ǹtì, a sì tún iná iwájú tò kó má baà máa ta sí ojú ẹni tó ń bọ̀.

Ohun tí ẹ máa sọ

Mo mọ àwọn èsì tó ń bọ̀. Ẹnìkan á ní, "Ọkọ̀ mi ni, owó mi ni." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà kì í ṣe tìrẹ nìkan. Èrò mẹ́rin tó wà nínú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi dìbò pé kí n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní àwọn òyìnbó ń ṣe é. Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ní Jámánì, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tó bá fi coilover sí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gbé e lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọ̀ àjọ bíi TÜV, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀. Ní California, òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1958, tí kò sí mọ́ láti 2024, kà á léèwọ̀ nígbà náà kí ibikíbi lára ọkọ̀ lọ sílẹ̀ ju etí ìsàlẹ̀ irin ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ní 1959, Ron Aguirre fi pọ́ǹpù eléépo sí Corvette rẹ̀ kó lè gbé e ga nígbà tí ọlọ́pàá bá yọ, kó sì tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n bá ti lọ. Àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ tó lọ sílẹ̀ jù lọ láyé náà mọ̀ pé ó yẹ kó lè gbéra.

Èsì kẹta ló ká mi lára jù: "A ò ní irinṣẹ́." Omi inú ike kan, téèpù kan, bébà kan. Ọ̀gá Sàngó yẹn kò lo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa ló ní yàrá ìṣèwádìí, òun ló ń wọ̀n ọ́n.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó fọwọ́ kan òrùka, ẹ kọ iye mẹ́rin sílẹ̀, ti ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti àárín rẹ̀ dé fẹ́ńdà. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí ọkọ̀ ṣófo, ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹrù tí ẹ sábà máa ń gbé bá wà nínú rẹ̀. Ẹ sún un díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún àti òsì ní iye kan náà, ẹ wà á, ẹ tún wọ̀n ọ́n, ẹ ṣe aláínmẹ́ǹtì. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Tí ẹ kò bá lè san owó aláínmẹ́ǹtì, ẹ fi òrùka sílẹ̀ bó ṣe wà títí owó yóò fi wọlé.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ yìí wà lára iṣẹ́ àṣekágbá tí a lè mú. Ẹ jẹ́ ká wọn kòrópè, Sienna àti Corolla tó ń ṣiṣẹ́ láàárín Sàngó àti Àtàn, ká mọ iye tó kù fún ẹsẹ̀ wọn nígbà tí wọ́n bá kún, ká sì fi èsì rẹ̀ lé àwọn mẹkáníìkì lọ́wọ́ ní èdè tí wọ́n ń sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ki rọ́bà sínú sípíríǹgì nítorí pé oníbàárà ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé wọn kò mọ iṣẹ́. Tí injiníà tó kàwé bá bá wọn jókòó, tí òun náà sì gbà láti kọ́, ọ̀pọ̀ táyà ni kò ní í bẹ́.

Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó fi bírò kọ 372 sórí bébà kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ òun, kó kọ́kọ́ ka ìyẹn ná. Èmi ní tèmi ti ra téèpù kan, inú báàgì mi ló wà. Tó bá di Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, tí àríyànjiyàn bá tún bẹ̀rẹ̀, ẹ pè mí. Kí ẹnìkan ṣáà bá mi bu omi wá.